Ẹ Bi Ẹ̀gbọ́n Léèrè: Wọ́n ní àìgbàgbọ́ mi ni ò jẹ́ kí àdúrà gbà

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n wa, ẹ kú iṣẹ́ o. Tanke nílùú Ìlọrin ni mò ń gbé, mo ní ṣọ́ọ̀bù kékeré kan. Lọ́dún tó kọjá ni rọpárọsẹ̀ kọlu màmá mi nílé wa ní Ajàṣẹ́-Ìpo. Oṣù 8 gbáko ni mo fi gbàdúrà, gbogbo Ọjọ́rú ni mò ń gbààwẹ̀, Sátidé ni mò ń wọkọ̀ ní gáréèjì Ọ̀fà lọ sílé, òróró àdúrà tí wọ́n fún mi ní ṣọ́ọ̀ṣì, mo fi ń ra ẹsẹ̀ màmá títí ó fi tán. Wọ́n kú nínú oṣù kejì ọdún yìí. Olórí ẹgbẹ́ àdúrà wa wá pè mí sí kọ̀rọ̀, ó ní mo ṣiyèméjì ni, ó ní ká ní mo gbàgbọ́ dáadáa ni, màmá ì bá ti dìde. Òótọ́ sì ni pé mo ṣiyèméjì, torí kí wọ́n tó kú ni mo ti ń bi àwọn ẹ̀gbọ́n mi léèrè ibi tá a máa sin wọ́n sí. Látìgbà náà, tí mo bá kúnlẹ̀, ńṣe ló ń ṣe mí bíi pé fóònù tí wọ́n ti pa ni mò ń pè. Ṣé Ọlọ́run tiẹ̀ ń gbọ́ mi? — Ìyá Ìbejì, Tanke

Ìdáhùn: Ìyá Ìbejì, ẹ kú ọ̀fọ̀ ná. Ọlọ́run á tù yín nínú, á sì bá yín dá àwọn ìbejì sí. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ti olórí ẹgbẹ́ àdúrà yẹn kó kúrò nílẹ̀: ọ̀rọ̀ tó sọ yẹn ò dáa, wọn kì í sọ irú ẹ̀ fún ọlọ́fọ̀. Élì àlùfáà rí Hánà tó ń gbàdúrà ní Ṣílò, ètè ẹ̀ ń mì, ohùn ò jáde, ó ní ọtí ló mu yó. Àlùfáà ni o, ẹnu ọ̀nà ilé Ọlọ́run ló sì jókòó sí, síbẹ̀ kò mọ nǹkan tó ń lọ láàárín Hánà àti Ọlọ́run ẹ̀.

Ẹ wá ṣí Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì orí 12, ẹ má kánjú. Hẹ́rọ́dù mú Pétérù, ó tì í mọ́lé, ọmọ ogun 16 ló ní kí wọ́n máa ṣọ́ ọ, mẹ́rin-mẹ́rin. Ìjọ kóra jọ sílé Màríà ìyá Jòhánù Máàkù, wọ́n ń gbàdúrà kíkankíkan. Lóru ọjọ́ náà áńgẹ́lì mú Pétérù jáde, ó rìn títí ó fi dé ẹnu ọ̀nà wọn, ó ń kanlẹ̀kùn. Ọmọbìnrin kan tó ń jẹ́ Róda jáde, ó gbọ́ ohùn ẹ̀, inú ẹ̀ dùn débi pé kò rántí ṣílẹ̀kùn, ó sáré padà lọ sọ fún wọn. Ẹ mọ ohun tí àwọn tó ń gbàdúrà wí? Wọ́n ní orí ẹ̀ ti dàrú! Nígbà tó tẹnu mọ́ ọn, wọ́n ní a jẹ́ pé áńgẹ́lì Pétérù ni. Pétérù ṣì ń kanlẹ̀kùn níta o. Ẹ wò ó bíi pé kọ́ńpáǹdì yín ní Tanke ni, aago méjì òru, gbogbo yín ń gbàdúrà fún ẹni tó wà látìmọ́lé, ẹni náà ń gbá géètì, ẹ sì ń bá ọmọ tó wá jíṣẹ́ fún yín jà pé àlá ló ń lá. Ṣé ìgbàgbọ́ ńlá nìyẹn? Bẹ́ẹ̀ Ọlọ́run ti gbọ́ wọn. Etí Ọlọ́run ni àdúrà gbára lé, Ìyá Ìbejì, bí àyà tiwa bá tiẹ̀ ń já, etí yẹn ò di.

Mi ò sì ní fo ìbẹ̀rẹ̀ orí náà. Kí wọ́n tó mú Pétérù, Hẹ́rọ́dù ti fi idà pa Jákọ́bù, àpọ́sítélì bíi ti Pétérù, tí Jésù jọ máa ń mú àwọn méjèèjì dání. Bíbélì ò sọ ìdí tí ọ̀kan fi jáde tí èkejì sì kú, kò sì sọ pé ẹnì kan nínú ẹbí Jákọ́bù ló ṣiyèméjì. Jésù gan-an bẹ Bàbá nígbà mẹ́ta ní Gẹtisémánì pé kí ife náà ré òun kọjá, kò ré e kọjá, síbẹ̀ Hébérù 5:7 ní Ọlọ́run gbọ́ ọ. Ẹ ka ẹsẹ yẹn lẹ́ẹ̀mejì. Ọlọ́run gbọ́ ọ, ó sì kú.

Wàhálà tiwa níhìn-ín ni pé ọmọ Odò-Ọwá ní Kwara níbí ni Wòlíì Joseph Ayọ̀ Babalọlá ti ìjọ CAC, tí wọ́n bí ní 1904, ìtàn katakata tó fi ń tẹ ọ̀nà, tó kú mọ́ ọn lọ́wọ́ ní 1928 nígbà tí Ọlọ́run pè é, wọ́n ti sọ ọ́ fún wa láti kékeré débi pé àdúrà tí katakata kan ò bá tìtorí ẹ̀ dúró, a máa ń rò pé kò dókè. Katakata àwọn ẹlòmíì ń ṣiṣẹ́ lọ lọ́jọ́ yẹn náà, Ọlọ́run sì ń gbọ́ àwọn tó ń wà wọ́n.

Èmi náà ti jókòó sórí báǹṣì rí ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ọsibítù kan ní Ìlọrin níbí, tí àbúrò mi ọkùnrin ò lè dá mí mọ́. Bíbélì wà lórí itan mi, mi ò lè ṣí i, “Olúwa, jọ̀ọ́” ṣáá ni mò ń wí. Obìnrin kan tó ń nulẹ̀ dé ọ̀dọ̀ mi, ó ní, “Alájì, ẹ gbẹ́sẹ̀.” Ó wá wo ojú mi, ó wo Bíbélì, ó ní, “Ẹ má bínú, pásítọ̀. Ọlọ́run á gbọ́ o.” Mo ní àmín. Àbúrò mi kú kí ilẹ̀ tó mọ́. Ó pẹ́ tí mo fi ń bínú sí àmín yẹn. Mi ò rí nǹkan kan pàtó tọ́ka sí tó mú ìbínú náà lọ, mo kàn ń sọ “Olúwa, jọ̀ọ́” yẹn lọ ni, lọ́jọ́ kan mo wá rò ó pé ká ní mo gbà lóòótọ́ pé kò sẹ́ni tó ń gbọ́ ni, mi ò bá ti dákẹ́. Ẹ̀yin náà, fóònù tẹ́ ẹ ní wọ́n ti pa yẹn, ẹ ṣì ń pè é.

Ẹ má fipá gba àdúrà gígùn báyìí ṣá. Sáàmù 13 ò ju ẹsẹ 6 lọ, “yóò ti pẹ́ tó, Olúwa” ló fi bẹ̀rẹ̀, ẹ kà á bó ṣe wà. Tí ọ̀rọ̀ ò bá wá rárá, Róòmù 8:26 ní Ẹ̀mí ń bá wa bẹ̀bẹ̀ pẹ̀lú ìrora tí a ò lè fẹnu sọ, ẹ jókòó kẹ́ ẹ sunkún. Ẹ wá ìyá àgbà kan tàbí méjì tó mọ màmá yín, kí wọ́n máa bá yín gbà á, kẹ́ ẹ kàn máa ṣàmín. Ẹni tó bá sì ní kẹ́ ẹ mówó wá kóun fi bá yín ṣí ọ̀nà àdúrà, ẹ ní ẹ̀gbọ́n ní ẹ ò lówó.

Ìbéèrè: Akẹ́kọ̀ọ́ ni mí ní Òmù-Àrán. Mo máa ń sùn lọ láàárín àdúrà òru. Ṣé Ọlọ́run ń gba ìlàjì àdúrà, sà?

Ìdáhùn: Ó gbọ́ ìlàjì tó o sọ, àbúrò. Pétérù àtàwọn ọmọ Sébédè náà sùn lọ ní Gẹtisémánì, Jésù ní ẹ̀mí fẹ́ ṣùgbọ́n ara ò lágbára. Àmọ́ tó bá jẹ́ orí bẹ́ẹ̀dì lo ti ń gbà á, tó o tún fi aṣọ bora, oorun lo bá wá. Dìde dúró, má sì fẹ̀yìn ti ògiri.