Èsì: Bí ìjọ kékeré ṣe lè fi ìgbàgbọ́ ṣiṣẹ́

Ẹ kú iṣẹ́ Olúwa, arákùnrin wa. Ẹ béèrè bí ìjọ kékeré tí kò lówó lọ́wọ́ ṣe lè fi ìgbàgbọ́ rẹ̀ hàn, yàtọ̀ sí àdúrà àti ìṣọ́ òru.

Lójú tèmi, ètò ló yẹ kó ṣáájú owó. Nínú Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì orí 6, nígbà tí àwọn Júù tó ń sọ èdè Gíríìkì ráhùn pé wọ́n ń gbójú fo àwọn opó wọn nínú ìpín oúnjẹ ojoojúmọ́, àwọn àpọ́sítélì ní kí ìjọ yan ọkùnrin 7 tó lórúkọ rere láti bójú tó o, Stéfánù sì wà lára wọn. Orúkọ Gíríìkì ni gbogbo wọn ń jẹ́, èyí tó mú kí ọ̀pọ̀ gbà pé àárín àwọn tó ń ráhùn gan-an ni wọ́n ti mú wọn.

Nítorí náà, ẹ yan èèyàn bíi mẹ́ta, kí opó kan wà níbẹ̀, tí yóò máa wádìí ẹni tí kò wá sí ìsìn, ẹni tó ń ṣàìsàn, àti ẹni tí owó ilé ìwé ọmọ rẹ̀ ń dá lágara. Ẹni tí kò lówó lè fi iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ ṣe é. Nígbà tí Dọ́káàsì, obìnrin onígbàgbọ́ kan tó máa ń ṣoore fún àwọn aláìní, kú ní ìlú Jópà, aṣọ tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ rán ni àwọn opó fi han àpọ́sítélì Pétérù. Mo bẹ̀ yín, ẹ má ṣe pe ẹni tí ẹ ràn lọ́wọ́ síwájú ìjọ láti wá dúpẹ́, torí pé ìtìjú bẹ́ẹ̀ máa ń lé aláìní kúrò nínú ìjọ.