Ṣé lóòótọ́ ni ọmọ oṣù méje ń yè ju ọmọ oṣù mẹ́jọ lọ?

Ìbéèrè: Àwọn ìyá àgbà nílé wa máa ń sọ pé ọmọ tí a bí lóṣù keje á yè, ṣùgbọ́n ti oṣù kẹjọ kì í dúró. Kí ló wà nídìí ọ̀rọ̀ yìí?

Ìdáhùn: Ọ̀rọ̀ àtayébáyé ni. Àwọn oníṣègùn Gíríìsì àtijọ́ pàápàá gbà á gbọ́. Ṣùgbọ́n kò rí bẹ́ẹ̀ rárá, ẹ̀dọ̀fóró ọmọ ló sì máa jẹ́ kó yé wa.

Àwọn àpò afẹ́fẹ́ tín-ín-tín ló kún inú ẹ̀dọ̀fóró, omi díẹ̀ sì máa ń wà lára ògiri wọn. Omi a máa fà mọ́ra. Bí ọmọ bá mí síta, ògiri àpò náà á fẹ́ lẹ̀ pọ̀, bíi láílọ́ọ̀nù tí inú rẹ̀ tutù. Surfactant ni kì í jẹ́ kó lẹ̀. Ẹ̀dọ̀fóró fúnra rẹ̀ ló ń ṣe é, ọ̀rá ló sì pọ̀ jù nínú rẹ̀. Ó máa ń tẹ́ sójú omi náà, á dín agbára tó fi ń fà mọ́ra kù, afẹ́fẹ́ díẹ̀ á ṣẹ́ kù sínú àpò, èémí tó kàn á sì rọrùn. Ọmọ tí kò ní in tó á máa mí gúlegúle, ihò imú á máa fẹ̀, àyà á máa jìn wọnú, títí yóò fi rẹ̀ ẹ́.

Nǹkan bí ọ̀sẹ̀ 24 oyún ni ara ọmọ ń bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe é, kì í sì í tó títí di nǹkan bí ọ̀sẹ̀ 35. Ọmọ oṣù mẹ́jọ ló wá sún mọ́ ọn ju ti oṣù méje lọ. Àmọ́ kò tíì débẹ̀ tán, èrò tèmi sì ni pé ibẹ̀ ni ẹ̀rù àwọn ìyá ti wá: wọ́n rí ọmọ tó dà bí ẹni tó pé, ó sì kú mọ́ wọn lọ́wọ́. Bẹ́ẹ̀ ló rí fún Patrick, ọmọ Ààrẹ Kennedy ti Amẹ́ríkà. Ọ̀sẹ̀ márùn-ún àbọ̀ ṣáájú àkókò ni wọ́n bí i ní August 1963, kò sì lò tó ọjọ́ méjì láyé. Láti 1959 ni àwọn olùwádìí méjì, Mary Ellen Avery àti Jere Mead, ti fi hàn pé àìní surfactant tó ló ń fa àìsàn èémí tó ń pa irú àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ìwòsàn kò tíì sí. Ọdún 1980 ni dókítà Tetsuro Fujiwara àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Japan tó fi surfactant tí wọ́n yọ lára màlúù sínú ẹ̀dọ̀fóró àwọn ọmọ 10, èémí wọn sì já gaara sí i.

Bí ìrọbí bá mú aláboyún lóṣù keje tàbí ìkẹjọ, ẹ jọ̀ọ́, ẹ tètè gbé e lọ sí ọsibítù ńlá. Abẹ́rẹ́ kan wà tí dókítà lè fún ìyá kí ọmọ tó jáde, tó ń mú kí ẹ̀dọ̀fóró ọmọ tètè gbó.