Àìsàn ẹ̀dọ̀ nínú oyún, gbèsè ààwẹ̀, àti ogójì ọjọ́ láìkírun

ÌBÉÈRÈ: Àsàlámù aléékúm, Àfáà wa. Kàbà ni mo ti ń kọ̀wé sí yín. Oyún mi ti wọ oṣù kẹjọ kí ààwẹ̀ tó dé. Mo gba ọjọ́ mẹ́fà, lẹ́yìn náà ni àtẹ́lẹwọ́ àti àtẹ́lẹsẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í yún mi, tí n kò lè sùn lóru, ìtọ̀ mi sì pọ́n bíi tíì tí wọn ò fi mílíìkì sí. Ilé ìwòsàn ní òróǹro ló ń dà sínú ẹ̀jẹ̀. Wọ́n fún mi ní oògùn ẹ̀ẹ̀mẹta lójúmọ́, n kò sì gba ààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́sàn-án. Ní ọjọ́ 16 Ramadan wọ́n mú kí n rọbí, oyún jẹ́ ọ̀sẹ̀ 37. Ẹ̀jẹ̀ dá lọ́jọ́ 19 lẹ́yìn ìbímọ, ṣùgbọ́n ìyá ọkọ mi ní n kò gbọdọ̀ kírun títí ogójì yóò fi pé. Ogójì pé lánàá. Kí ni gbèsè mi? Ṣé màá fún aláìní lóúnjẹ?

ÌDÁHÙN: Wa aléékúmu sàlám. Ọ̀kún o, ọmọ mi, o kú ewu ọmọ. Kí Ọlọ́hun wo ọmọ náà.

Ọ̀rọ̀ ìrun ni kí á fi ṣáájú, nítorí òun ló ń bọ́ lójoojúmọ́. Ogójì tí àwọn ìyá wa ń kà yẹn, òpin ibi tí ẹ̀jẹ̀ ìbímọ lè dé ni lọ́dọ̀ àwọn onímọ̀ kan. Lójú ọ̀nà Màlíkì, ìyẹn ọ̀nà òfin ẹ̀sìn tí à ń tọ̀ níhìn-ín, ọgọ́ta ọjọ́ ni òpin náà. Kò sí iye tó kéré jù fún un. Ọjọ́ tí ẹ̀jẹ̀ bá dá, ìbáà jẹ́ ọjọ́ kẹta, ọjọ́ náà ni obìnrin yóò wẹ̀, tí yóò sì kírun. Bí o ṣe máa mọ̀: fi òwú funfun mímọ́ sí ojú ara. Bí ó bá jáde ní gbígbẹ, láìsí pupa tàbí àwọ̀ ìyeyè, tàbí omi funfun ló tẹ̀lé e, o ti mọ́ nìyẹn. Bí ẹ̀jẹ̀ bá tún padà kí ọjọ́ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún mímọ́ tó pé, tí ọgọ́ta ò sì tíì pé, ẹ̀jẹ̀ ìbímọ náà ni: dá ìrun dúró, kí o tún wẹ̀ nígbà tí ó bá dá.

Nítorí náà, ìrun ọjọ́ 20 títí dé ọjọ́ 40 wà lọ́rùn rẹ, ọjọ́ 21 ni, pẹ̀lú èyí tó kù lọ́jọ́ 19 lẹ́yìn tí ẹ̀jẹ̀ dá. Bí o bá ń san ti ọjọ́ méjì-méjì lójúmọ́, ọjọ́ 11 ni yóò gbà ọ́. Má ṣe bínú sí ìyá ọkọ rẹ. Àánú abiyamọ ló mú un sọ bẹ́ẹ̀. Ìrun ti ọjọ́ tí ẹ̀jẹ̀ ń bọ̀ ní tirẹ̀, a kì í san án.

Ààwẹ̀ ńkọ́? Ọjọ́ mẹ́sàn-án ti àìsàn, ọjọ́ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ti ẹ̀jẹ̀ ìbímọ bí Ramadan bá pé ọgbọ̀n, ó di 24. Sísan nìkan ni, kò sí oúnjẹ aláìní lórí rẹ̀. Súrà Bákárà, áyà 184, ti sọ ọ́: ẹni tó bá ń ṣàìsàn, kí ó san iye rẹ̀ ní ọjọ́ mìíràn. Oúnjẹ aláìní máa ń kún sísan nígbà tí ìyá tó ń fún ọmọ lọ́yàn bá jẹ ààwẹ̀ nítorí ìbẹ̀rù lórí ọmọ. Ti ìwọ kì í ṣe bẹ́ẹ̀, àìsàn àti ẹ̀jẹ̀ ló dí ọ lọ́wọ́. Bí o bá jẹ́ kí Ramadan mìíràn bá ọ láìsí ìdí ni ọjọ́ kọ̀ọ̀kan yóò gba múùdù kan kún un, ìyẹn ẹ̀kúnwọ́ méjì àpapọ̀ ti oúnjẹ tí ará ìlú ń jẹ, ìrẹsì tàbí àgbàdo. Ìyá wa Áíṣà, ìyàwó Ànábì, a máa san tirẹ̀ ní Ṣáábánù, oṣù tó ṣáájú Ramadan. Ìwọ náà má kánjú: jẹ́ kí wọ́n tún ẹ̀jẹ̀ rẹ yẹ̀ wò, ní ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí mẹ́fà lẹ́yìn ìbímọ, kí wọ́n rí i pé ẹ̀dọ̀ ti padà bọ̀ sípò, kí ọyàn sì máa ṣàn dáadáa.

Kí ẹnikẹ́ni má sọ pé o ṣe ọ̀lẹ. Ẹ̀dọ̀ ló ń ṣe òróǹro, tó ń ṣàn lọ sí ìfun láti lọ ọ̀rá. Oyún àgbà a máa fà á sẹ́yìn nínú àwọn obìnrin kan, yóò sì dà padà sínú ẹ̀jẹ̀. Ìdí nìyí tí ara fi ń yún láìsí èélá, lóru jù lọ. Bí òṣùwọ̀n òróǹro inú ẹ̀jẹ̀ bá dé 100 (micromole nínú lítà kan), ọmọ lè kú sínú lójijì, ìdí tí dókítà kì í fi í dúró de ọ̀sẹ̀ 40 nìyí. Oògùn ursodeoxycholic acid a máa dín yíyún kù fún àwọn kan, ṣùgbọ́n òun kọ́ ló ń ṣọ́ ọmọ. Àyẹ̀wò léraléra àti bíbí lásìkò ni. Oògùn tí a gbé mì ń ba ààwẹ̀ jẹ́. Ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n fà fún àyẹ̀wò kì í bà á jẹ́.

Ẹ̀yin aboyún tó ń kà á, ẹ má ṣe fi àgbo ibà pọ́njú tàbí omi hàǹtú, omi tí wọ́n fi fọ wàláà, rọ́pò àyẹ̀wò. Àgbo mìíràn ń pa ẹ̀dọ̀ lára. Bí ẹyinjú bá di àwọ̀ ìyeyè, bí ìgbẹ́ bá funfun, bí ọmọ bá dín yíyí kù nínú, ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an, Ẹ̀gbẹ̀ ni tàbí Lọ́kọ́ja, ẹ má dúró kí ilẹ̀ tó mọ́. Lásìkò ìrun, ẹni tí kò lè dúró, kí ó jókòó, bí Ànábì ti sọ fún Imrán ọmọ Husáyìn, ọ̀kan nínú àwọn sàábé rẹ̀. Bí ara bá ń yún yín lórí ìrun, ẹ họ ọ́ díẹ̀, kò bà á jẹ́. Omi tútù ń dẹ yíyún, nítorí náà yíyún nìkan kì í ṣe ìdí fún tàyámọ́mù, ìyẹn fífi erùpẹ̀ mímọ́ rọ́pò omi. Bí ó bá jẹ́ ojú iṣẹ́ abẹ ni wọ́n dì, tí omi lè pa á lára, ẹ fi ọwọ́ tí ẹ ti rẹ sómi pa orí ìdì náà, kí ẹ sì fi omi wẹ ìyókù ara.

Yíyún a máa lọ láàárín ọjọ́ díẹ̀ sí ọ̀sẹ̀ díẹ̀ lẹ́yìn ìbímọ. Bí ó bá kọjá bẹ́ẹ̀, ẹ̀dọ̀ náà ní ohun mìíràn, kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò. Ó sì sábà ń padà nínú oyún tó ń bọ̀, nítorí náà, ọmọ mi, sọ ọ́ fún agbẹ̀bí lọ́jọ́ tí o bá kọ́kọ́ lọ forúkọ sílẹ̀, kí o sì sọ fún wọn kí wọ́n tó fún ọ ní oògùn ìfètò-sọ́mọ-bíbí.