Má dúró di alẹ́ ìdánwò kó o tó pààrọ̀ táyà

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Ṣómólú ni mò ń gbé, ẹrù oníbàárà ni mò ń fi Bajaj Boxer gbé káàkiri. Ọjọ́ Ẹtì tó ń bọ̀ ni àwọn VIO máa dán mi wò fún láísẹ́ǹsì. Táyà ẹ̀yìn mi ti ń pá, bíréèkì ẹ̀yìn kì í sì tètè mú mọ́. Mẹkáníìkì mi ní òun á pààrọ̀ méjèèjì ní alẹ́ Ọjọ́bọ̀. Ṣé ó dára bẹ́ẹ̀?

Ìdáhùn: Rárá o, àbúrò mi. Lónìí ni kó o ṣe é. Táyà tuntun máa ń yọ̀, pàápàá ní ìyànà àti lórí títì tó tutù. Ó yẹ kó o rọra gùn ún tó nǹkan bíi kìlómítà 100 kí ojú rẹ̀ tó di ilẹ̀ mú dáadáa. Bíréèkì ṣúù náà rí bẹ́ẹ̀: títí ó fi máa jókòó sínú họ́ọ̀bù, o lè tẹ̀ ẹ́ kí máṣíìnì ṣì máa lọ kọjá ibi tó o fẹ́ dúró sí. Mi ò fẹ́ kó o ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ mọ ìyẹn níwájú àwọn VIO.

Bó o bá dé ọjà Ládípọ̀ láti ra táyà, wo ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kó o tó sanwó. Nọ́ńbà mẹ́rin tó kẹ́yìn àmì DOT ló ń sọ ìgbà tí wọ́n ṣe é: 2323 túmọ̀ sí ọ̀sẹ̀ 23 nínú ọdún 2023. Tókunbọ̀ lè máa dán kó sì ti gbó; bí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ bá ti ń sán, fi sílẹ̀ fún wọn.

Afẹ́fẹ́ ńkọ́? Àárọ̀ ni kó o wọ̀n ọ́n, kó o tó gbé máṣíìnì jáde, nítorí táyà tó ti gbóná máa ń fi iye tó ju tòótọ́ hàn. Géèjì ni kí fọkanáísà lò, kó má fi ìka tẹ̀ ẹ́ wò. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń gbẹ́rù máa ń fẹ́ ti ẹ̀yìn le gan-an, bẹ́ẹ̀ sì rèé, ìwọ nìkan lo máa wà lórí rẹ̀ lọ́jọ́ náà. Iye tí ìwé máṣíìnì kọ fún ẹni kan ni kó o lò. Táyà tó bá le jù kì í fara kan ilẹ̀ tó, ṣe ló máa ń ta lórí kòtò.

Ti bíréèkì ẹ̀yìn, ṣéènì ni kí mẹkáníìkì kọ́kọ́ fà, torí pé bó bá fa ṣéènì, ẹsẹ̀ ẹ̀yìn máa sún, bíréèkì náà á sì yí padà. Lẹ́yìn náà ni kó wá yí nọ́ọ̀tì tó wà lẹ́nu irin bíréèkì. Kí ibi tí o ń fẹsẹ̀ tẹ̀ lọ sílẹ̀ bíi mílímítà 20 sí 30 kó tó mú. Gbé máṣíìnì sórí sítáńdì, fi ọwọ́ yí táyà: bó bá ń ha, ó ti le jù, ó máa gbóná. Bí òróró bá ti kan ṣúù, má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọ̀ ọ́ fún ẹ; pààrọ̀ rẹ̀.

Ti bíréèkì iwájú, fi ọwọ́ fún un pọ̀ kó o sì wò ó bóyá iná ẹ̀yìn ń tàn. Kó tàn bákan náà tó o bá tẹ ti ẹsẹ̀.

Ní àárọ̀ Ọjọ́ Ẹtì, ti máṣíìnì lẹ́sẹ̀ díẹ̀, kó o dán bíréèkì kọ̀ọ̀kan wò. Bí ó bá mú, má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tún fi sípánà kàn án.