Èsì: Ta ló ń fa omi gun òkè fún oko ìrẹsì onípele?

Ẹ kú ìbéèrè o. Kò sẹ́ni tó ń fà á. Láti òkè lomi ti ń ṣàn bọ̀. Lọ́dọ̀ ẹ̀yà Hani ní ìpínlẹ̀ Yunnan, ní Ṣáínà, igbó ni wọ́n dá sí lókè pátápátá, abúlé wà nísàlẹ̀ rẹ̀, oko tó rí bí àtẹ̀gùn ló wá tẹ̀ lé e. Igbó yẹn ló ń gba òjò àti kùrukùru dúró, tó ń tú u sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀.

Bí wọ́n ṣe ń pín in ló dùn mọ́ mi jù. Wọ́n á gbẹ́ ihò sára igi, wọ́n á dábùú rẹ̀ sójú ọ̀nà omi. Bí ihò kálukú bá ṣe fẹ̀ tó ni omi rẹ̀ ṣe máa pọ̀ tó. Ìjà parí!

Ti pé ẹ̀ ń bẹ̀rù pé ògiri tó gbé àwọn oko náà dúró lè wó, ó ń wó mọ̀nà. Bí oko bá gbẹ, amọ̀ á sán, òjò á sì gba ojú ibẹ̀ wọlé. Oko onípele ti agbègbè Ifugao ní Philippines, tí UNESCO, àjọ àgbáyé tó ń rí sí ẹ̀kọ́ àti àṣà, kọ sínú ìwé ogún àgbáyé lọ́dún 1995, wà lára àwọn ogún tí àjọ náà kà sí pé wọ́n wà nínú ewu láti 2001 títí di 2012. Àwọn ọ̀dọ́ ń lọ sígboro, ẹni tí yóò tún ògiri mọ kò tó.