Ìbéèrè Yín, Ìdáhùn Wa: Irun Ẹṣin Lára Jákẹ́ẹ̀tì, Ológbò Lórí Jákẹ́ẹ̀tì

ÌBÉÈRÈ

Ẹ̀yin Dókítà ẹran, ẹ kú iṣẹ́, ẹ sì kú àfaradà wa. Ìjẹ̀bú-Òde ni wọ́n bí mi sí, ṣùgbọ́n Leeds ni mo ń gbé láti ọdún 2011. Láti kékeré, nígbà tí bàbá mi máa ń gbé mi sí èjìká kí n lè rí àwọn ẹlẹ́ṣin níbi Ojúde Ọba, ni ìfẹ́ ẹṣin ti wọ̀ mí lára, bó tilẹ̀ jẹ́ pé apá mi kò ká ẹṣin rírà. Ní gbogbo òwúrọ̀ Sátidé, mo máa ń lọ sí ibùso ẹṣin kan lẹ́yìn ìlú, mo ń bá wọn kó ìgbẹ́, mo ń fi búrọ́ọ̀ṣì ya irun abo ẹṣin àgbà kan, wọ́n á sì jẹ́ kí n gùn ún fún wákàtí kan. Nílé, mo ní abo ológbò kan tí kò tíì pé ọmọ ọdún kan. Bí mo bá ti dé, tí mo bọ́ jákẹ́ẹ̀tì mi sórí àga, orí rẹ̀ ni yóò lọ sùn sí.

Oṣù kejì ti fẹ́ parí, nǹkan mẹ́ta ló sì ń dà mí láàmú. Irun àwọn méjèèjì ń re wìtìwìtì, bẹ́ẹ̀ yìnyín ṣì ń bo ilẹ̀ láràárọ̀. Ṣé àìsàn ni, àbí ooru aṣọ òtútù tí a ń dà bo ẹṣin náà ló fà á? Ológbò mi sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í ké lóru bí ọmọ ìkókó, á máa yí gbirigbiri nílẹ̀, á gbé ìdí sókè, ojú sì ń tì mí sí àwọn ará ilé kejì. Ìkẹta ni pé wọ́n rí iná, kòkòrò kéékèèké inú irun, lára ẹṣin mélòó kan ní ibùso wa, wọ́n sì ti fún mi ní oògùn tí n ó fi pa á lára ẹṣin mi ní Sátidé tó ń bọ̀. Ṣé iná náà kò ní ran ológbò mi?

Ìyá Ológbò, Leeds

ÌDÁHÙN

Arábìnrin wa, ẹ jẹ́ kí n ti ìbéèrè tí ẹ fi kẹ́yìn bẹ̀rẹ̀, torí pé òun ló lè gba ẹ̀mí. Iná ẹṣin kò lè ran ológbò, kò sì lè ràn yín. Ẹranko kọ̀ọ̀kan ló ní iná tirẹ̀, èyí tó bá sì ṣèèṣì bọ́ sára ẹranko mìíràn kì í rí ilé kọ́ síbẹ̀. Àsìkò yìí gan-an ni iná máa ń pọ̀ lára ẹṣin, nígbà tí irun wọn gùn, tí aṣọ kì í kúrò lẹ́yìn wọn, tí wọ́n sì ń fara kanra nínú ilé.

Oògùn rẹ̀ ni kí ẹ bẹ̀rù. Ẹ yí ìgò náà padà kí ẹ ka ohun tí wọ́n kọ sẹ́yìn rẹ̀. Bí ẹ bá rí permethrin, oògùn apakòkòrò kan, níbẹ̀, ẹ jẹ́ kó yé yín pé ohun tí kò ní ṣe ẹṣin ní nǹkan kan lè pa ológbò, nítorí pé ẹ̀dọ̀ ológbò kò lágbára láti tú oògùn yìí ká kí ó sì lé e jáde bí ẹ̀dọ̀ àwọn ẹranko mìíràn ti ń ṣe. Kò sì dìgbà tí ènìyàn bá da á sí i lára. Àwọn ológbò kan ti kó o lára ajá tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi oògùn náà sí lára, kìkì nítorí pé wọ́n jọ sùn pọ̀, ológbò a sì tún fi ahọ́n lá ohunkóhun tó bá lẹ̀ mọ́ irun rẹ̀. Ẹ wá ro ti jákẹ́ẹ̀tì tí ẹ wọ̀ fi ta oògùn sẹ́yìn ẹṣin láàárọ̀, tó di bẹ́ẹ̀dì ológbò lọ́sàn-án.

Wọ́n gbé irú ológbò bẹ́ẹ̀ kan wá bá mi rí. Etí rẹ̀ ló kọ́kọ́ ń gbọ̀n pì-pì-pì, bíi pé eṣinṣin ń yọ ọ́ lẹ́nu, kò sì sí eṣinṣin kankan. Kí ilẹ̀ tó ṣú, gìrì ti mú gbogbo ara rẹ̀. Ó yè é, ṣùgbọ́n ọjọ́ mẹ́ta gbáko ló lò lọ́dọ̀ wa.

Nítorí náà, ní Sátidé, ẹ wọ ìbọ̀wọ́, ẹ lo aṣọ mìíràn tí ẹ ó bọ́ sí ibùso kí ẹ tó wọ ọkọ̀, kí ẹ sì fi ọṣẹ fọ ọwọ́ dé ìgúnpá kí ẹ tó fọwọ́ kan ológbò. Bí ẹ bá rí i tó ń gbọ̀n tàbí tó ń ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́, ẹ fi omi lílọ́ wọ́ọ́rọ́ àti ọṣẹ ìfọbọ́ wẹ̀ ẹ́, ẹ má lo omi gbígbóná, kí ẹ sì gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ pẹ̀lú ìgò oògùn náà lọ́wọ́. Ẹ má sọ pé kí ilẹ̀ mọ́ ná. Òróró tea tree tí àwọn ẹlẹ́ṣin fẹ́ràn láti máa fi pa ẹsẹ̀ ẹṣin tí ẹrẹ̀ ti bó náà kò dára fún ológbò rárá.

Ohun kan sì wà tó lè ṣe ohun tí iná kò lè ṣe: làpálàpá. Òun máa ń ti ara ẹṣin bọ́ sí búrọ́ọ̀ṣì, láti búrọ́ọ̀ṣì bọ́ sí aṣọ, láti aṣọ bọ́ sára ènìyàn àti ológbò. Bí ẹ bá rí ojú ibi tó pá rigidi lára ẹṣin, tó ní èépá funfun, ẹ má ṣe fi búrọ́ọ̀ṣì kan náà ya irun ẹṣin mìíràn, ẹ má sì gbé jákẹ́ẹ̀tì yẹn wọ yàrá.

Ìbéèrè méjì tó kù, ìdáhùn kan náà ló ni wọ́n, ìmọ́lẹ̀ sì ni. Ní Leeds, ọjọ́ tó kúrú jù lọ nínú oṣù kejìlá kì í ju nǹkan bíi wákàtí 7 àbọ̀ lọ kí oòrùn tó wọ̀. Ní ìparí oṣù kejì, ó ti lé ní wákàtí 10. Ojú ẹṣin ń rí ìyàtọ̀ yìí, ojú ológbò náà ń rí i, ọpọlọ wọn sì ń kà á lọ́jọ́ọjọ́. Bí ọ̀sán bá ti ń gùn, ara a bẹ̀rẹ̀ sí í tú irun òtútù dànù, ì báà jẹ́ pé òtútù ṣì ń mú ganrínganrín. Ẹ̀yin tí wọ́n bí sí Ìjẹ̀bú-Òde, níbi tí ọ̀sán tó gùn jù àti èyí tó kúrú jù lọ nínú ọdún kò fi wákàtí kan jura wọn lọ, kò sí bí ẹ ṣe lè fura sí i láti kékeré.

Kì í ṣe àìsàn, kì í sì í ṣe aṣọ ẹṣin náà ló fà á. Ẹ má ṣe sáré bọ́ aṣọ náà kúrò lára àgbà ẹṣin nítorí pé irun ń re. Ohun tí ẹ lè ṣe ni kí ẹ ti ọwọ́ bọ abẹ́ rẹ̀ kí ẹ fi ìka tẹ ìhà ẹṣin náà, nítorí irun gígùn máa ń bo rírù mọ́lẹ̀, ojú nìkan kò sì lè rí i. Bí egungun ìhà bá ti ń kan ìka yín láìtẹ̀ ẹ́ rárá, koríko gbígbẹ ni kí wọ́n fi kún oúnjẹ rẹ̀ kí wọ́n tó ronú ọkà, torí pé bí koríko bá ṣe ń kan nínú ìfun ńlá ẹṣin ló ń mú ara rẹ̀ gbóná. Ibi tí irun bá ti re tí awọ hàn gbangba, tí ẹṣin sì ń fi ibẹ̀ họ ara ògiri, iná tàbí làpálàpá ló wà níbẹ̀. Ẹṣin tó sì yẹ kó kó ìdààmú bá yín jù ni àgbà ẹṣin tí irun rẹ̀ kò re rárá títí di oṣù karùn-ún. Ìyẹn máa ń jẹ́ àmì àìsàn ẹṣẹ́ abẹ́ ọpọlọ tí wọ́n ń pè ní Cushing's, tó wọ́pọ̀ lára ẹṣin tó ti lé ní ọdún 15. Inú mi dùn pé irun ti yín ń re.

Ní ti igbe òru, akọ ni ológbò yín ń wá. Ìmọ́lẹ̀ kan náà tó ń tú irun rẹ̀ ló jí ara rẹ̀, òun náà ló sì ń jí àwọn abo ẹṣin. Àwọn tó ń sin ẹṣin eré ìje, tí wọ́n ń ka 1 oṣù kìn-ín-ní sí ọjọ́ ìbí gbogbo ọmọ ẹṣin, máa ń tan iná mànàmáná fún abo ẹṣin láti oṣù kejìlá kí ó lè tètè gba akọ. Bí ológbò yín kò bá rí akọ, igbe náà yóò máa rọlẹ̀, yóò sì tún máa padà láàárín ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́ta. Bí ó bá rí akọ, nǹkan bí ọjọ́ 63 sí 65 péré ló kù tí ilé yín yóò fi kún. Ẹ lọ bá dókítà kí ó ṣe iṣẹ́ abẹ tí kì í jẹ́ kí abo ológbò bímọ. Bí ẹ bá dé ọ̀hún, kí wọ́n fi microchip, ẹ̀rọ ìdánimọ̀ kékeré tó ń wà lábẹ́ awọ, sí i lára bí kò bá ní, nítorí pé láti 10 oṣù kẹfà ọdún 2024 ni òfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti sọ ọ́ di dandan kí ológbò tó pé ọ̀sẹ̀ 20.

ÌBÉÈRÈ

Mo ní ẹṣin méjì níhìn-ín ní Minnesota. Eku ti fẹ́ jẹ ọkà wọn tán, bẹ́ẹ̀ akọ ológbò ọmọ ọdún mẹ́ta kan wà nínú yàrá wa tó ń sùn látàárọ̀ ṣúlẹ̀. Mo fẹ́ gbé e lọ sí ilé ẹṣin lọ́sẹ̀ yìí. Ìyàwó mi ní n kò gbọdọ̀ dán an wò. Ẹ bá wa dá ẹjọ́ náà.

Ẹlẹ́ṣin, Minnesota

ÌDÁHÙN

Ìyàwó yín ló jàre, ó kéré tán títí di oṣù karùn-ún. Òótọ́ ni pé bí ológbò kò bá sí nílé, ilé á di ilé èkúté, ṣùgbọ́n ológbò tó fi gbogbo ìgbà òtútù gbé inú ilé tí iná ń tàn títí di òru, tí ẹ̀rọ amúlégbóná sì ń ṣiṣẹ́, kò hu irun tó nípọn tó èyí tó lè fi dojú kọ òtútù Minnesota. Bí òtútù bá kásẹ̀ nílẹ̀, ẹ kọ́kọ́ há a mọ́ yàrá gàárì fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí mẹ́rin kí ó lè mọ ibẹ̀ sí ilé. Ẹ kan àpótí pákó fún un, kí ẹ fi pòròpórò àlìkámà tẹ́ ẹ. Ẹ má fi bùláńkẹ́ẹ̀tì tàbí koríko gbígbẹ tẹ́ ẹ, torí pé méjèèjì ń fa omi mọ́ra. Kí ẹ sì máa bọ́ ọ dáadáa, nítorí ológbò tó yó ṣì ń pa eku. Ní ti ọkà tí wọ́n ń jẹ lọ́wọ́lọ́wọ́, ẹ ra garawa onírin tó ní ìdérí tó le, kí ẹ da ọkà náà sí i lálẹ́ òní.