Èsì: pípààrọ̀ ọ̀pá ṣakabùlà bàbá àgbà

Àbúrò, o ní o fẹ́ kí alágbẹ̀dẹ kan ní Ìkọ̀lé-Èkìtì yọ ọ̀pá ṣakabùlà, ìbọn ìbílẹ̀ tí à ń ki ẹ̀tù sí lẹ́nu, tí bàbá àgbà fi sílẹ̀, kó fi ọ̀pá tó ń yin katiríìjì rọ́pò rẹ̀. Rárá, má gbé e lọ.

Òfin ìbọn ọdún 1959 ka ṣíṣe, títò àti títún ìbọn ṣe léèwọ̀ lọ́dọ̀ alágbẹ̀dẹ àdúgbò. Ẹ̀wọ̀n ọdún 10 ló kéré jù. Kódà bí ìwé àṣẹ bá wà lórúkọ tìrẹ, ìwé níní ìbọn kì í ṣe ìwé títún un tò. Ìwé àṣẹ tó wà lórúkọ bàbá àgbà kì í sì í ṣe ogún tí o lè jẹ.

Mo mọ̀, àwa tí Ire, ìlú Ògún, wà nílẹ̀ wa, tí à ń bọ Ògún, òfin yìí ń ta wá lára. Ṣùgbọ́n mo ti rí ọ̀pá ìbọn kan tí wọ́n fi páìpù omi ṣe: ojú ibi tí wọ́n jó pọ̀ là yẹ́rẹ́, àtàǹpàkò ọdẹ náà bá a lọ.

Ohun tí wàá ṣe:
1. Bí ẹ̀tù bá ṣì wà nínú rẹ̀, má fi irin gún un wò. Pe àgbà ọdẹ.
2. Lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá lọ́wọ́ òfo, bi wọ́n bí wọ́n ṣe fẹ́ kí o gbé ìbọn náà wá. Má dè é mọ́ ọ̀kadà gba Ọ̀yẹ́ lọ sí Adó o!